Báwo ni mo ṣe lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n ta kókó sí ẹnu okùn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun àpáta. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ti wà nídìí ẹ̀ kí n tó dé ìlú ọba. Portland ní Dorset la sábà máa ń lọ, àwọn àpáta etí òkun tí wọ́n ti kan irin mọ́ lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ̀gbọ́n kì í ta kókó sí ẹnu okùn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnu okùn yọ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ní okùn mítà 60 ni, pé ó tó wa í lò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti gé ẹnu okùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń bó, wọn ò sì wọ̀n ọ́n mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo di okùn mú nísàlẹ̀, mo ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, okùn tó kù nílẹ̀ ò ju apá kan lọ, ẹ̀gbọ́n sì ṣì wà lókè. Mo kígbe, mo dì í mú gírígírí, mo gun orí òkúta kan kí okùn lè tó wọn dé ibi tí wọ́n ti lè fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni.

Háńẹ́ẹ̀sì wọn, ìyẹn bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí àti itan kí wọ́n lè so okùn mọ́ ọn, náà ti ṣá, òwú ti ń yọ lára ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Báwo ni èmi àbúrò ṣe máa sọ pé mo fẹ́ yẹ àgbà tó kọ́ mi wò?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Àbúrò, o ṣeun tí o ò dákẹ́. Irú ẹ̀ ló pa Brad Gobright ní El Potrero Chico, ní Mẹ́síkò, ní November 2019. Ògbóǹtarìgì ni o, ẹni tó ń gun àpáta gogoro láìlo okùn rárá. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn kan náà, oníkálukú lápá tiẹ̀. Apá kan okùn kúrú ju èkejì lọ, wọn ò sì ta kókó sí ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu okùn ṣe yọ nínú irin tó so mọ́ ọn lára nìyẹn. Ká ní kókó wà níbẹ̀ ni, irin yẹn ì bá há.

Àkànní
Ọ̀rọ̀ háńẹ́ẹ̀sì yẹn ló ká mi lára jù. Ní October 2006, Todd Skinner, ògbóǹtarìgì agunpáta, já bọ́ ní àpáta Leaning Tower ní Yosemite, ní Amẹ́ríkà, ó sì kú. Òrùka aṣọ iwájú háńẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ló gbó tó fi já. Ó mọ̀ pé ó ti gbó, ó tiẹ̀ ti ra tuntun, kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. Èyí tí òwú ń yọ lára ẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù lónìí. Ẹ dá owó ra òmíràn fún wọn, kí ẹ fi hẹ́límẹ́ẹ̀tì kún un bí wọn ò bá ní.

Aṣọ̀rọ̀
Tèmi ni pé kó o má bá wọn lọ mọ́. Ó tán.

Bàbá Kọ́lá, Ìbàdàn
Rárá o, Aṣọ̀rọ̀. Bí ọmọ yìí bá kúrò, ta ni yóò di okùn mú fún ẹ̀gbọ́n? Ẹlòmíràn tí kò ní wo ilẹ̀.

Èmi ò gun àpáta rí, àmọ́ akọpẹ ni bàbá mi. Kí wọ́n tó gun ọ̀pẹ, wọ́n á na igbà sílẹ̀, wọ́n á pè mí wá fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè délẹ̀, torí ojú ọmọdé mú ju tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní àrífín.

Nítorí náà, má sọ pé o fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dúró níwájú wọn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo kókó tí mo fi so okùn mọ́ háńẹ́ẹ̀sì mi.” Bí wọ́n bá wò ó tán: “Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo tiyín náà.” Má ṣe é níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Bàbá, ẹ kú làákàyè. Mo gbà pẹ̀lú yín, torí ìmọ̀ nìkan ò tó. Ní Buoux ní Faransé lọ́dún 1989, Lynn Hill tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ti ki okùn bọ háńẹ́ẹ̀sì, ó wá dúró so bàtà, kò padà parí kókó náà. Kóòtù tó wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó gùn ún dókè, ó fara lé okùn, ló bá já bọ́ láti ibi tó lé ní mítà 20. Ẹ̀ka igi ló gbà á là.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí Bàbá Kọ́lá sọ ni mo máa ṣe. Sátidé la tún ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ wọn okùn yẹn kó tó di Sátidé. Ẹ tẹ́ ẹ sí páàkì, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n gé, àmì tí wọ́n fi sí àárín okùn náà kì í ṣe àárín mọ́. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ fẹ́ gùn gan-an sí fóònù kí ẹ tó kúrò nídìí mọ́tò. Etí òkun ni Portland, nítorí náà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, Coastguard, àwọn tó ń gbani là létí òkun, ni kí ẹ béèrè.