Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tú àṣírí olùdíje wa síta lórí ọ̀rọ̀ SEO?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì ilé ìtajà aṣọ òkè kan, kí àwọn tó ń wá aṣọ ìgbéyàwó lórí Google lè tètè rí wa; iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní SEO. Ilé ìtajà mìíràn ti gba iwájú wa báyìí. Nígbà tí mo yẹ ìkànnì wọn wò, mo rí i pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ funfun sórí ojú ewé funfun, kí Google lè kà á láìjẹ́ pé ènìyàn rí i. Àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tí kò kan aṣọ rárá, ló ń fi líǹkì tọ́ka sí wọn, bẹ́ẹ̀ líǹkì wà lára ohun tí Google ń wò láti gbé ìkànnì sókè. Wọ́n sì ṣe ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkankan nínú wọn. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n gbé gbogbo rẹ̀ sí Facebook pẹ̀lú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Kí ni ẹ rí sí i?

Alàgbà Àkànní

Àbúrò, ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ funfun wà lórí ìkànnì wọn, wọn kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé àwọn ni wọ́n ra líǹkì wọ̀nyẹn? Nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí J. C. Penney, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 2011, pé líǹkì tí wọ́n sanwó fún ló gbé e lékè lórí Google, ilé iṣẹ́ náà ní òun kò mọ̀ sí i, ó sì lé àwọn tó ń bá a ṣe SEO dànù. Akọ̀ròyìn ló sì ṣe ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń bá Penney du oníbàárà.

Ẹ wo Rap Genius, ìkànnì tó ń kọ ọ̀rọ̀ inú orin jáde, ní oṣù kejìlá ọdún 2013. Nígbà tí àṣírí wọn tú pé wọ́n ń fi ìpolówó lórí Twitter gba líǹkì lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀gì, wọ́n kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Google, wọ́n sì ń nàka sí àwọn ìkànnì orin yòókù pé tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Google fìyà jẹ wọ́n síbẹ̀, lọ́jọ́ Kérésìmesì pàápàá.

Ìyá Adùnní

Alàgbà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí líǹkì, ṣùgbọ́n ẹ fo ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì dá. Bí mo bá wọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àárín àwọn oníṣẹ́ SEO. Èmi oníbàárà ni wọ́n purọ́ fún. Síbẹ̀, ẹni tó dé ibẹ̀ tí kò bá ṣọ́ọ̀bù ni kó sọ ọ́. Bí ilé ìtajà yín bá sọ ọ́, ìlara ni a ó pè é.

Ọmọ Èkìtì ní Lọ́ńdọ̀nù

Google ní fọ́ọ̀mù tí a fi ń fi irú èyí tó wọn létí, ẹnikẹ́ni sì lè sọ lórí Google Maps pé ilé ìtajà kan kò sí níbi tí wọ́n kọ. Ní ọdún 2006, irú ojú ewé ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ni Google tìtorí rẹ̀ yọ ìkànnì BMW ti Jámánì kúrò nínú àwọn èsì tó ń gbé jáde, Matt Cutts tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Google nígbà náà ló sì kéde rẹ̀. Ẹni tó ní òfin ló dárúkọ arúfin. N kò ní tàn yín o: fọ́ọ̀mù náà lè wà níbẹ̀ kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ ọ́ láìdárúkọ, ṣùgbọ́n mélòó ni àwọn tó ń ta aṣọ òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì n'Íbàdàn, tí a kò fi ní mọ ẹni tí ẹ ń bá wí?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ funfun àti àdírẹ́sì ni n ó fi ránṣẹ́, n ó fi ti líǹkì sílẹ̀. Ọ̀gá mi ṣì ní bí Google kò bá ṣe nǹkan kan láàárín oṣù kan, àwọn yóò gbé e sí Facebook fúnra wọn.

Alàgbà Àkànní

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lábẹ́ orúkọ ilé ìtajà yín lórí Google, kí wọ́n sì sọ fún yín èyí tí ẹbí wọn kọ níbẹ̀.