Ẹ̀jẹ̀ ríru: báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé?

Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ga jù, 156 lórí 98. Mo rẹ́rìn-ín, torí kò síbi tó ń dùn mí. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí n gbé apá lé tábìlì, kí n má sọ̀rọ̀. Ta ló ń jókòó jẹ́ẹ́ nílé ọlọ́mọ mẹ́rin? Lánàá, 148 ló kọ́kọ́ gbé jáde. Àbíkẹ́yìn mi pariwo pé òun ò rí bàtà òun, mo dá a lóhùn, ló bá di 161. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì?

Dídín iyọ̀ ọbẹ̀ kù ló wá le jù. Magí mẹ́fà ni mo máa ń fọ́ sí ìkòkò ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé iyọ̀ náà ni! Mo dín in kù sí méjì, mo fi irú àti edé kún un. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní ṣé ẹ̀fọ́ aláìsàn nìyí. Mi ò sì lè máa se ìkòkò méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe mú ará ilé mọ́ ọn? Mò ń lo oògùn dókítà o, ẹ má ní kí n já a sílẹ̀ fún àgbo.