Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀pọ̀ àdàpọ̀ kẹ́míkà nínú ìgò kéékèèké, láìsí rọ́bọ́ọ̀tì

Ọmọ_Láàbù_Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ oyè kejì ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní Òṣogbo níbí. Mo ní acid kan tí mo fẹ́ so mọ́ amine (kẹ́míkà tó ní náítírójìn nínú) oríṣiríṣi, bóyá a ó rí èyí tó lè di oògùn nínú wọn. Gbogbo acid náà ò ju 40 mílígíráàmù lọ. Mo kà pé àwọn Merck, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá nì, ṣe ju 1,500 àdàpọ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan lọ́dún 2015. Kí ni kí n rà?

Baba_Pípẹ́ẹ̀tì: Àbúrò, fi ti Merck sílẹ̀ ná. Rọ́bọ́ọ̀tì ló ń bu tiwọn, àdàpọ̀ mìíràn ò ju 0.02 mílígíráàmù lọ, DMSO ni olómi tí wọ́n sì fi yọ́ ọ torí kì í tètè fẹ́ lọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò 24. Fi acid 1.5 mílígíráàmù sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, 36 nìyẹn, á ṣẹ́ kù díẹ̀. Ra pípẹ́ẹ̀tì (ohun tí a fi ń bu olómi díẹ̀díẹ̀) ẹlẹ́nu mẹ́jọ. Má ra bulọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù oníhò tí a ń to ìgò sí o! Gbé ìgò kan lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu irin, wọ́n á bá ọ lu ihò tó gba ìgò náà sára alumíníọ̀mù.

Ìyá_Kẹ́mísìrì: Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ẹlẹ́nu mẹ́jọ. Pílétì oníhò 96 ni wọ́n ṣe é fún. Ihò ti oní-24 jìnnà síra jù. Ẹlẹ́nu kan ti tó. Má sì wọn ìyẹ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan, 1.5 mílígíráàmù á lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Yọ́ gbogbo acid náà pọ̀ nínú DMF, olómi tí a fi ń yọ́ kẹ́míkà, kí o wá pín in. Ọ̀rọ̀ DCM, olómi mìíràn tí àwọn kan ń fi yọ́ kẹ́míkà, gbàgbé ẹ̀: ní 40°C ló ń hó, ooru oṣù Kẹta á ti gbé e lọ kí o tó dé ìgò kẹwàá. Pílétì oníke tó mọ́ gaara, tí àwọn ará máíkíróbáọ́lọ́jì máa ń lò, irú ike tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni. DMF á kọ́kọ́ sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di funfun, á wá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lójú ẹ báyìí.

Ojú_TLC: Kò sí LC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn móléékù wọn? Lo TLC, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kán nǹkan sí kí èròjà inú rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀. Kán acid fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdàpọ̀ mẹ́ta, kí o wò ó lábẹ́ iná UV. Fi ìgò kan sílẹ̀ láìfi HATU tàbí EDC (kẹ́míkà tó ń mú kí acid so mọ́ amine) sí i, òun lo máa fi wé ìyókù. Kọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ ọ́, ó sì ń dùn mí. Yẹ Open Reaction Database wò, àkójọ àbájáde àdàpọ̀ kẹ́míkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ_Láàbù_Òṣogbo: Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, sà. Ṣé ìgò onímílílítà méjì tí a ń lò fún HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀, ò lè ṣe é? Ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìyá_Kẹ́mísìrì: Ó lè ṣe é. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 12 mílímítà, sọ fún ẹni tó máa lu irin. Àmọ́ bu tó 200 máíkírólítà sí i. 100 á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀ ni, kò ní ṣe é rò dáadáa.