Ẹ̀yin ọdẹ, ọmọ ọdún mélòó lẹ lè mú wọ igbó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, òun ló sì fi igbó hàn mí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti wá ń fẹ́ tẹ̀lé mi báyìí. Tó bá ti rí i pé mò ń wọ bàtà òjò, òun náà á sáré wá tirẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ò sí níbẹ̀ rárá. Ojú ẹsẹ̀ ẹran ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀. Láàárọ̀ àná, mo fi ibi tí ọ̀yà ti jẹun hàn án lẹ́yìn ilé: ìdí koríko dá gẹ̀ẹ́rẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dádì, ó ṣì tutù." Mo tún fẹ́ kó mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ò gbà kí wọ́n pa akika.

Ejò ló ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù, pàápàá ọká àti paramọ́lẹ̀, ó sì jàre. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní obìnrin kì í ṣọdẹ. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí.

Ṣé kí n kọ́kọ́ mú un lọ sí ọgbà ẹranko ní Lẹ́kkí, níbi afárá orí igi tó gùn tó mítà 401, àbí kí n mú un wọ igbó tààrà? Ẹ̀yin tí ẹ ti mú ọmọ lọ rí, àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́? Kí lẹ wọ̀ fún un, báwo lẹ sì ṣe pa ìyá rẹ̀ lẹ́kún?