Sikíríìnì mi ò bàjẹ́: ohun tí géèmù àtijọ́ fojú mi rí

Ará Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:

Ẹ kú ilé o. Age of Empires II, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1999, lèmi àti àbúrò mi jọ máa ń ta lálẹ́ tí iná bá wà. Àbúrò mi ti lọ sí Kánádà báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kí géèmù náà ṣe iyebíye lójú mi. Bí mo ṣe ra láptọ́ọ̀pù tuntun, òun ni mo kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀.

Mo ṣí i, apá òkè lọ́wọ́ òsì nìkan ni mo rí. Máàpù kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn etí sikíríìnì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní sikíríìnì ló bàjẹ́, ká pààrọ̀ rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Inú bí mi, mo gbé e padà sílé.

Sikíríìnì ò ṣe nǹkan kan. Kí lẹ́tà má baà kéré jù ni Windows ṣe ti fẹ ohun gbogbo dé 150%, èmi ò sì mọ̀. Géèmù ya àwòrán tirẹ̀ ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1024 ní ìbú sí 768 ní gíga, Windows tún fẹ̀ ẹ́ ní ìdajì sí i, ojú kọ̀ǹpútà ò wá gbà á mọ́.

Mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì géèmù náà, mo yan Properties, mo bọ́ sí Compatibility, mo tẹ Change high DPI settings. Mo máàkì Override high DPI scaling behavior, mo yan Application, kí géèmù fúnra rẹ̀ máa pinnu ìwọ̀n rẹ̀ dípò Windows, mo tẹ OK. Mo tún un ṣí, máàpù yọ nísàlẹ̀. Igbe tí mo ké, ìyá mi sáré wọlé!

Ará Oǹdó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi ò gé ní tirẹ̀, ńṣe ló fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ọmọ ogun sanra. Géèmù ìgbà yẹn, ìbú sí gíga rẹ̀, 4 sí 3 ni. Sikíríìnì òde òní, 16 sí 9. Inú ètò àwòrán Intel tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi ni mo ti yan Maintain aspect ratio, kí ìbú sí gíga géèmù má baà yí padà. Lórí sikíríìnì 1920 sí 1080 tèmi, dúdú gba píksẹ́lì 240 lọ́tùn-ún, ó gba 240 lósì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, àwọn ẹṣin ti padà jọ ẹṣin.