Kindle ni kí n rà ni, àbí kí n máa bá ìwé títẹ̀ lọ?

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì máa ń kàwé gan-an tí mo bá wà níṣẹ́ alẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ fa ìwé kan yọ nínú èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ìwé Yorùbá ni gbogbo ẹ̀, bí mo ṣe fà á báyìí èèpo ẹ̀yìn nìkan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, ikán ti jẹ inú ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló kù níbi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sunkún. Gbogbo òwe tó bá wu bàbá ni wọ́n máa ń fi bírò fàlà sí nídìí. Ọkọ mi wá ní ká kúkú ra Kindle, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kàwé yẹn, pé ikán ò lè jẹ ìyẹn. Ṣé ó ṣeé ka ìwé Yorùbá lórí ẹ̀? Iná tiwa yìí wá ńkọ́? Fóònù ti ń ta mí lójú tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú àdánù ìwé bàbá. Ti iná yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀, tí mo bá ti ṣáájì tèmi ó máa ń lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí ojú ẹ̀ ò dà bíi ti fóònù, e-ink ni, èérún dúdú àti funfun tín-tìn-tín ló ń tò ara wọn tẹ́ ẹ bá ṣí ewé, tí wọ́n bá ti tò tán wọn ò jẹ iná mọ́ títí ẹ fi máa ṣí òmíì. Inú oòrùn gan-an ẹ máa rí i kà. Ìwé àtijọ́ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ju 70,000 lọ, ti Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ rà á jàre.

Àgbà Akọ̀wé
Ẹ má tíì sanwó o. Ìwé Òyìnbó ni àbúrò wa ń sọ, Yorùbá lẹ̀yin ń béèrè. Tó bá jẹ́ PDF tí wọ́n ya látinú ìwé àtijọ́, àwòrán lásán ni, ẹ ò lè sọ lẹ́tà ẹ̀ di ńlá kó tún ara ẹ̀ tò, lórí ojú ínǹṣì mẹ́fà ẹ máa fìka fà á sọ́tùn-ún sósì títí á fi sú yín. Tó bá jẹ́ EPUB, irú fáìlì ìwé tí lẹ́tà ẹ̀ ṣeé sọ di ńlá, wàhálà àmì ló kù. Ẹ́ wa yẹn, kọ̀ǹpútà ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un, ẹ ló máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tí ò bá mọ̀ ọ́n gbé á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí kékeré dípò ẹ̀. Mo ka ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí, mi ò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni bàbá inú ìtàn gbé lọ sóko ni àbí ọ̀kọ̀. Ẹ wá fọ́ǹtì Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi wáyà so Kindle mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ jù ú sínú fódà tó ń jẹ́ fonts. Kobo, ẹ̀rọ ìkàwé ilé-iṣẹ́ míì, náà ń gbà á.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: lọ́dún 2009 Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ni Kindle, yọ ìwé méjì tí George Orwell, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, kọ kúrò lórí Kindle àwọn tó ti sanwó ẹ̀, òru mọ́jú wọn ò rí i mọ́. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Ikán burú, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jókòó sí Amẹ́ríkà kó wọlé yín wá kó ìwé bàbá.

Àdùkẹ́ Peckham
Òótọ́ lẹ sọ sà. Kindle ni mo fi ń ka Òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá àwọn ọmọ mi, mo máa ń kó o sínú ẹrù kílò 23 ọkọ̀ òfuurufú yẹn láti ilé ni. Ìyá Ìbejì, ẹ ra àgbékọ́ irin, ẹ má jẹ́ kó kan ògiri, ẹ máa wo ìdí ẹ̀ lóṣooṣù.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Àgbékọ́ irin ni mo máa kọ́kọ́ rà, Kindle di òpin ọdún, fún ti Òyìnbó. Mo ti ka èyí tó kù, mọ́kànlá ni, mo ti ń fi fóònù ya gbogbo ibi tí bàbá fàlà sí. Ewé kan ṣẹ́kù nínú èyí tí ikán jẹ, bírò búlúù wọn wà létí ẹ̀, mo ti fi í sínú náílọ́ọ̀nù.