Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ Bàbá: a ti rí kòkòrò náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Bàbá mi, ẹni ọdún 78, tí ìtọ̀ ń ta wọ́n lára, tí wọ́n tún ń sọ̀sọkúsọ lóru, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé lábù kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé ìdọ̀tí lásán ló bọ́ sínú ìtọ̀ náà, a sì ti lo cipro (oògùn apakòkòrò) títí, kò ràn án.

Dókítà mìíràn ní ká tún àyẹ̀wò ìtọ̀ náà ṣe, kí lábù fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48 kí kòkòrò lè hù, kí wọ́n má wulẹ̀ wò ó lọ́jọ́ kejì kí wọ́n dà á nù. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Aerococcus urinae ni wọ́n bá níbẹ̀. Kì í tètè hù. Tó bá sì hù, ó jọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní streptococcus; lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ṣù jọ bíi òmíràn tí wọ́n ń pè ní staphylococcus. Ìwé tí wọ́n ń rì bọnú ìtọ̀ náà kò ní fi nitrite (èròjà tí ọ̀pọ̀ kòkòrò ìtọ̀ máa ń ṣe) hàn, nítorí kòkòrò yìí kì í ṣe é. Àgbà ọkùnrin tí prostate wọn (ẹ̀yà ara kan nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) wú, bíi Bàbá, ló sábà máa ń mú.

Oògùn amoxicillin ló ṣẹ́gun rẹ̀. Dókítà tún yẹ ọkàn wọn wò, torí ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Lánàá, Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé Tákìé, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí. Ẹ ṣeun.